Nagasaki ní Ìgbà Ìwọ́wé

Bí ènìyàn bá gbọ́ orúkọ Nagasaki, ọjọ́ kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ máa ń lọ sí, èyíinì ni ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ, ọdún 1945. Àwa pàápàá kò yàtọ̀. Nígbà tí a ń lọ sí ìlú náà ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2025, ńṣe ni a di ọkàn wa ní àmùrè bí ẹni tí ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀. Ohun tí ojú wa sì kọ́kọ́ bá pàdé ni ẹyin ẹja tí a sá sórí pákó lójú oòrùn.

Karasumi ni wọ́n ń pè é. Bí òtútù bá ti bẹ̀rẹ̀ sí mú omi òkun ní ìgbà ìwọ́wé, ẹja kan wà níhà ibẹ̀ tí ẹyin máa ń kún inú rẹ̀. Àwọn tí ó mọ iṣẹ́ náà a yọ ẹyin ọ̀hún jáde ní méjì-méjì láìjẹ́ kí awọ tí ó bò ó ya. Wọn a fi iyọ̀ rì í, wọn a fọ iyọ̀ náà kúrò, wọn a fi pákó tẹ̀ ẹ́ kí ó lè rí pẹlẹbẹ, wọn a sì máa sá a, wọn a máa yí i padà, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí ti oyin. Ó wọ́n gidigidi. A ra ìwọ̀n kékeré kan láti mú lọ sílé fún àwọn ènìyàn wa, ṣùgbọ́n a ti jẹ ẹ́ tán kí a tó dé ibi tí a wọ̀ sí.

Ìhà ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Kyushu ni ìlú náà wà. Òkun ya wọ àárín àwọn òkè, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́; àwọn ilé fi ara mọ́ ẹ̀gbẹ́ òkè láti etí omi títí dé òkè lọ́hùn-ún, tí ó fi jẹ́ pé àtẹ̀gùn ni ọ̀pọ̀ àdúgbò ní dípò òpópó. Ọkọ̀ kékeré tí ń rìn lójú irin láàárín ìgboro láti ọdún 1915 kò lè gun ibẹ̀. Ẹsẹ̀ ẹni ni a ó fi gùn ún. Bàtà tí a wọ̀ kò yẹ fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, a sì jẹ ìyà rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Òtútù ibẹ̀ kò ju ti òwúrọ̀ ọyẹ́ lọ. Igi icho, tí ewé rẹ̀ dà bí abẹ̀bẹ̀ kékeré, ti di àwọ̀ ìyeyè láti òkè dé ilẹ̀. Momiji sì pupa bí osùn ní àgbàlá àwọn tẹ́ḿpìlì, irú bí Sofukuji tí àwọn oníṣòwò ará Ṣáínà kọ́ ní 1629. Èso kaki, tí ó jọ àgbálùmọ̀ ní àwọ̀, ṣì so rọ̀ lórí igi tí kò ní ewé kan mọ́. Aago márùn-ún kò tíì kọjá púpọ̀ tí oòrùn fi ń wọ̀.

Ṣáájú ọdún 1571, abúlé kékeré ni Nagasaki. Ní ọdún náà ni ọkọ̀ àwọn ará Pọ́túgà, àwọn tí àwọn bàbá wa ń pè ní Àgùdà, bẹ̀rẹ̀ sí gúnlẹ̀ síbẹ̀, tí wọ́n ń kó aṣọ sẹ́dà ti Macao wá, tí wọ́n sì ń kó fàdákà Jàpáànì lọ. Ìjòyè tí ó ni ilẹ̀ náà, Omura Sumitada, ti ṣe ìrìbọmi ní 1563. Nígbà tí ó sì di 1580, ó fi èbúté náà lé àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ Jésúìtì lọ́wọ́ láti máa ṣàkóso rẹ̀. Kéèkì tí wọ́n ń pè ní kasutera, tí wọ́n ń fi ẹyin, ìyẹ̀fun àti ṣúgà ṣe, tí kò sí àlejò tí ń kúrò ní Nagasaki láìrà, ọwọ́ àwọn Àgùdà wọ̀nyí ni ó ti wá.

A kò sì gbọdọ̀ fo èyí láìsọ fún àwọn òǹkàwé wa: nínú àwọn àwòrán ńlá tí àwọn ará Jàpáànì ayé ìgbà náà yà nípa ọkọ̀ àwọn Àgùdà, a rí àwọn ènìyàn dúdú láàárín wọn, tí wọ́n na agboorùn sórí olórí ọkọ̀, tí wọ́n sì ń gun okùn ìgbòkun. Ọ̀kan nínú irú wọn, ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní Yasuke, bá àlùfáà Alessandro Valignano, ará Ítálì, dé Kyushu ní 1579. Ní 1581, ó di ẹmẹ̀wà Oda Nobunaga, ẹni tí ó lágbára jùlọ ní Jàpáànì nígbà náà, ó sì ń ru idà rẹ̀.

Adùn náà kò pẹ́. Ní 1587, Toyotomi Hideyoshi, tí ó gba agbára lẹ́yìn Nobunaga, pàṣẹ kí àwọn àlùfáà fi ilẹ̀ náà sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, ó mú ènìyàn 26, ó mú kí wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn láti Kyoto wá sí Nagasaki láàárín ìgbà òtútù, wọ́n sì kàn wọ́n mọ́ àgbélébùú lórí òkè Nishizaka ní ọjọ́ 5 oṣù kejì, 1597. Ogún nínú wọn jẹ́ ọmọ Jàpáànì. Ẹni tí ó kéré jù jẹ́ ọmọ ọdún 12. Ibẹ̀ kò jìnnà sí ibi tí a ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Ní 1614, ìjọba Tokugawa fi òfin de ẹ̀sìn náà pátápátá. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn àgbẹ̀ Shimabara àti Amakusa, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1637 tí a sì fi ẹ̀jẹ̀ pa ní 1638, wọ́n lé àwọn Àgùdà kúrò ní Jàpáànì láìku ẹnì kan. Àwọn ará Họ́láńdì, tí òwò nìkan ni tiwọn, ni wọ́n jẹ́ kí ó kù.

Àwọn wọ̀nyí ni wọ́n kó sí Dejima ní 1641. Erékùṣù tí a fi ọwọ́ ṣe ni Dejima, wọ́n parí rẹ̀ ní 1636, ó sì rí bí abẹ̀bẹ̀ tí a tẹ́. Afárá kan ṣoṣo ni ó so ó mọ́ ìlú, ẹ̀ṣọ́ sì wà lẹ́nu rẹ̀. Fún ohun tí ó lé ní 200 ọdún, kò sí ibòmíràn ní Jàpáànì tí ìjọba gbà kí ọkùnrin ará Yúróòpù máa gbé. Láti inú sàréè ilẹ̀ yìí ni ìwé ìṣègùn àti ìwé nípa ìràwọ̀ ti wọ orílẹ̀-èdè náà. Lónìí ilẹ̀ ti yí i ká, nítorí wọ́n ti dí òkun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. A rìn yí i po kí iṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó pé. Kékeré rẹ̀ ni ó yà wá lẹ́nu. Àwọn ènìyàn wà tí wọ́n lo ìgbà èwe wọn tán nínú rẹ̀ nítorí owó.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe Dejima ni ó gbé wa lọ. Urakami ni, tí ó wà níhà àríwá, tí ó jẹ́ abúlé àwọn àgbẹ̀ nígbà náà, tí ó sì ti di àdúgbò kan nínú ìlú lónìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti pa àwọn àlùfáà tàbí tí wọ́n lé wọn lọ, tí èyí tí ó kẹ́yìn nínú wọn sì kú ní 1644, àwọn ará Urakami ń lọ sí tẹ́ḿpìlì bí gbogbo ènìyàn, orúkọ wọn sì wà nínú ìwé tẹ́ḿpìlì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní láti lọ sí ilé baálẹ̀ abúlé. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gbé àwòrán Jésù tàbí ti ìyá rẹ̀ kalẹ̀, èyí tí wọ́n fi idẹ ṣe, olúkúlùkù, àti ọkùnrin àti obìnrin, àti arúgbó, yóò sì fi ẹsẹ̀ òfìfo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ lójú àwọn ìjòyè. Fumi-e ni orúkọ rẹ̀. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí wọ́n bá sì dé ilé, wọn a ti ilẹ̀kùn, wọn a ka àdúrà ìrònúpìwàdà tí wọ́n kọ́ sórí. Ní ọdún tí ń bọ̀ wọn a tún lọ tẹ̀ ẹ́. Àwọn kan wà tí ń pe irú èyí ní ìsẹ́nilẹ́yìn. A kò bá wọn sọ ọ́. Ẹni tí kò tíì rí idà lọ́rùn ọmọ rẹ̀ kò ní ẹnu níbẹ̀.

Báwo ni ohun tí a kò gbọdọ̀ kọ sílẹ̀, tí a kò gbọdọ̀ sọ síta, ṣe ń pẹ́ títí láìparẹ́? Iṣẹ́ ni wọ́n pín. Ẹnì kan wà tí ń ṣe ìrìbọmi fún àwọn ọmọ. Ẹnì kan wà ní àdúgbò kọ̀ọ̀kan tí ń mú ọ̀rọ̀ lọ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó jẹ́ olórí láàárín wọn ni ẹni tí ń tọ́jú kàlẹ́ńdà. Òun ni ó mọ ọjọ́ tí Àwẹ̀ Ogójì Ọjọ́ bẹ̀rẹ̀, òun ni ó mọ ọjọ́ Àjíǹde, òun ni ó ń sọ ọjọ́ tí wọn kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ oko tàbí kí wọ́n rán aṣọ. Láti ọ̀dọ̀ bàbá dé ọ̀dọ̀ ọmọ ni iṣẹ́ yìí ń lọ. Àdúrà tí wọ́n ń gbà ti di ọ̀rọ̀ tí Látìnì, èdè Àgùdà àti èdè Jàpáànì dà pọ̀ nínú rẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń sọ kò yé àwọn tìkára wọn mọ́. Ọjọ́ ni kò sọnù. Wọ́n sì ní ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́, tí wọ́n ní láti ọ̀dọ̀ olùkọ́ kan tí ń jẹ́ Bastian ni ó ti wá, pé lẹ́yìn ìran méje àwọn àlùfáà yóò tún padà wá nínú ọkọ̀ ńlá. Ìran méje! Ẹni tí ó sọ ọ́ kò lè rí i, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kò lè rí i, síbẹ̀ wọ́n ń kà á.

Ní 1859, Jàpáànì ṣí Nagasaki fún àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn, àwọn àlùfáà ará Faransé sì kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan sí Oura, létí èbúté, fún àwọn àlejò nìkan. Ìjọba kò tíì yọ̀ǹda ẹ̀sìn náà fún ọmọ ilẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù kẹta, 1865, nǹkan bí ènìyàn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ti Urakami wá dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tí ó wá wòran. Àlùfáà Bernard Petitjean ṣí ilẹ̀kùn fún wọn, ó kúnlẹ̀ níwájú pẹpẹ. Obìnrin kan súnmọ́ ọn, ó sì sọ wẹ́lẹ́ fún un pé ọkàn àwọn àti ọkàn tirẹ̀ jẹ́ ọ̀kan. Ó bi í léèrè ibi tí ère Màríà wà. A wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì náà, a rí ère ọ̀hún níbi tí wọ́n gbé e sí. Kò tóbi.

Ẹni tí ó mọ ìtàn Èkó yóò rántí pé nígbà yẹn gan-an ni àwọn Àgùdà tiwa, tí wọ́n ti oko ẹrú Brazil padà, wà láìní àlùfáà. Bàbá kan tí wọ́n ń pè ní Pa Antonio ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà kí Fadá Borghero tó dé ọ̀dọ̀ wọn ní 1863. Ṣùgbọ́n ti Èkó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọdún díẹ̀, kò sì sí ẹni tí ń dọdẹ ẹ̀mí wọn.

Ti Urakami kò tíì tán. Ìgboyà mú kí wọ́n kọ ìsìnkú ti tẹ́ḿpìlì. Nígbà tí ó di 1867, àwọn ọlọ́pàá wọ abúlé lóru, wọ́n sì mú ènìyàn 68. Ìjọba Tokugawa ṣubú, ìjọba tuntun tí ó rọ́pò rẹ̀ sì burú jù ú lọ: láàárín 1868 àti 1870, wọ́n kó gbogbo abúlé náà, nǹkan bí 3,400 ènìyàn, wọ́n pín wọn káàkiri ilẹ̀ Jàpáànì bí ẹni pín ẹrú. Ebi, òtútù àti ìlù pa ohun tí ó lé ní 600 nínú wọn. Ẹ̀gàn àwọn ìjọba Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ni ó mú kí wọ́n yọ pátákó òfin náà kúrò ní 1873, tí àwọn tí ó kù fi padà sílé. Ilé wọn ti wó, oko wọn ti di igbó.

Ilẹ̀ tí wọ́n rà láti kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wọn sí ni ó wú wa lórí jùlọ nínú gbogbo ìtàn yìí. Ilé baálẹ̀ ni wọ́n rà, ilé náà gan-an tí a ti ń mú wọn tẹ àwòrán mọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé náà ní 1895. Òtòṣì ni wọ́n, nítorí náà 1914 ni wọ́n tó parí rẹ̀, wọ́n sì fi ilé ìṣọ́ méjì tí agogo wà nínú wọn kún un ní 1925. Kò sí ṣọ́ọ̀ṣì tí ó tóbi tó o ní ìhà ibẹ̀ nígbà náà. Ogún ọdún ni agogo méjèèjì fi dún pọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ 1945, ìlú Kokura ni ọkọ̀ òfúrufú Amẹ́ríkà náà ń lọ. Kùrukùru àti èéfín bo Kokura, awakọ̀ kò rí ibi tí yóò jù ú sí, ó sì yà sí Nagasaki. Kùrukùru wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ó sì ṣí díẹ̀. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, bọ́ǹbù náà bú ní nǹkan bí 500 mítà lókè Urakami. Àwọn àlùfáà méjì wà nínú ṣọ́ọ̀ṣì pẹ̀lú àwọn tí ó wá jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ nítorí àjọ̀dún Màríà tí ń bọ̀. Kò sí ẹni tí ó yè nínú wọn. Kí ọdún náà tó parí, nǹkan bí 74,000 ènìyàn ti kú ní ìlú náà. Nínú nǹkan bí 12,000 ọmọ ìjọ Urakami, 8,500 ni wọ́n kà mọ́ òkú. Ọmọ àti ọmọ-ọmọ àwọn tí ó ti ìgbèkùn padà ni wọ́n.

Ní ọjọ́ náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa tí wọ́n bá àwọn ọmọ ogun Jàpáànì jà ní Bọ́mà kò tíì padà sílé. Ọjọ́ mẹ́fà lẹ́yìn náà ni Jàpáànì túúbá, ìròyìn ayọ̀ ni èyí sì jẹ́ fún àwọn ìyá tí ń retí wọn. A kò lè dá ẹni tí ó yọ̀ nígbà náà lẹ́bi. Ẹni tí ń retí ọmọ rẹ̀ kì í béèrè ohun tí ìpadàbọ̀ rẹ̀ ná ìyá ẹlòmíràn. Àwa tí a dúró ní Urakami lẹ́yìn 80 ọdún ni a ní àyè láti béèrè.

Ìgbà ìwọ́wé náà ni, ní ọjọ́ 23 oṣù kọkànlá 1945, tí àwọn tí ó kù pé jọ láàárín àwókù ṣọ́ọ̀ṣì wọn láti ṣe ìsìn fún àwọn òkú. Oníṣègùn kan tí ń jẹ́ Nagai Takashi ni ó dìde sọ̀rọ̀ lórúkọ ìjọ. Ó ti ń ṣàìsàn ẹ̀jẹ̀ tí iṣẹ́ ìtànṣán rẹ̀ fà kí bọ́ǹbù tó dé. Aya rẹ̀, Midori, jóná sínú ilé wọn, egungun rẹ̀ ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣà. Ìdílé àwọn tí ń tọ́jú kàlẹ́ńdà Urakami ni obìnrin náà ti wá. Ohun tí Nagai sọ fún wọn ni pé Ọlọ́run yan Urakami láti jẹ́ ẹbọ sísun, ọ̀dọ́ àgùntàn aláìlábàwọ́n, kí ogun náà lè parí.

Ọ̀rọ̀ náà tu ọ̀pọ̀ nínú, nítorí àwọn kan ní ìlú ti ń wí pé ìyà ni ó jẹ wọ́n nítorí pé wọ́n kọ àwọn òrìṣà ilẹ̀ wọn sílẹ̀. A mọ ìdí tí ó fi sọ ọ́, a sì bọ̀wọ̀ fún ẹni tí ó sọ ọ́ pẹ̀lú eérú aya rẹ̀ lọ́wọ́. Síbẹ̀ a kò lè gbà á. Àwọn àgbà wa máa ń wí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Ẹnì kan kò gbọdọ̀ pa òwe náà ní Urakami. Bí a bá pe bọ́ǹbù ní ẹbọ, a ti bọ́ ẹrù kúrò lórí ẹni tí ó ṣe é, ẹni tí ó pàṣẹ rẹ̀, àti àwọn ìjòyè Jàpáànì tí wọ́n fa ogun náà gùn nígbà tí wọ́n ti mọ̀ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Nínú àwọn ọmọ ìjọ náà pàápàá ni a ti rí àwọn tí kò gba ọ̀rọ̀ Nagai, ṣùgbọ́n tí wọ́n dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí Póòpù John Paul Kejì wá sí Jàpáànì ní 1981, ó sọ ní Hiroshima pé iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn ni ogun. Àwọn kan nínú wọn jẹ́rìí pé láti ọjọ́ náà ni àwọn tó lè la ẹnu sọ ohun tí ojú àwọn rí.

A lọ wo ilé tí Nagai dùbúlẹ̀ sí títí ó fi kú ní 1951. Kò tóbi ju ẹní méjì tí a tẹ́ síra wọn lọ. Láti ibẹ̀ a gun òkè lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 1959. Àwọn ère ẹni mímọ́ tí iná sọ di dúdú dúró níta; ọ̀kan nínú àwọn ilé ìṣọ́ agogo àtijọ́ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ òkè, níbi tí ó yí dé ní ọjọ́ náà, koríko hù yí i ká. Kò jìnnà síbẹ̀ ni igi kàfúrà méjì wà lẹ́nu ọ̀nà ojúbọ Sanno, tí iná jó di kùkùté, tí gbogbo ènìyàn sì gbà pé wọ́n ti kú. Wọ́n rú. Nígbà tí ewé icho ń wọ́ sílẹ̀ ní gbogbo ìlú, tútù ni tiwọn, nítorí pé igi kàfúrà kì í wọ́wé bẹ́ẹ̀.

Nínú agogo méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì náà, ọ̀kan fọ́ pátápátá. Èkejì ni wọ́n wà jáde lábẹ́ àwókù, wọ́n sì lù ú ní ọjọ́ tí ó ṣáájú Kérésìmesì 1945. Òun nìkan ni ó ń dún fún 80 ọdún. Ní 2025, àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà ní Amẹ́ríkà dá owó, wọ́n rọ agogo mìíràn dípò èyí tí ó fọ́, wọ́n sì fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹjọ ọdún náà, ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, méjèèjì dún pọ̀.

Ilẹ̀ ti ń ṣú nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀. Agogo lù lẹ́yìn wa. Ìyá àgbà kan ń bọ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú àpò ẹ̀fọ́ lọ́wọ́. Ó gbé àpò náà kalẹ̀, ó tẹrí ba, ó dúró títí agogo fi dákẹ́, ó sì tún gbé e, ó ń gòkè lọ.